Ẹni Tó Ń Bá Jerica Mí

Ní abúlé Gorjuše, lókè Bohinj, ọmọ kì í rántí ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ pákó tí wọ́n fi ń yọ̀ lórí yìnyín. Kí ẹsẹ̀ tó ranlẹ̀ dáadáa ni àwọn òbí ti máa ń so ó mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ti Jerica Odar tún le díẹ̀, nítorí òun kò dúró kí ẹnikẹ́ni so ó mọ́ òun. Màmá Rezka, ìyá bàbá rẹ̀ tó tọ́ ọ dàgbà, máa ń sọ ọ́ káàkiri pé ọmọ náà kò tíì lè dárúkọ ara rẹ̀ tán nígbà tó jí pákó ọmọ aládùúgbò wọ̀, tó fi yọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, tó sì fi orí kan àlùfáà níkùn.

Nígbà tó di ọ̀dọ́bìnrin, gbogbo Slovenia ló ti ń sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìbọn ni ìṣòro rẹ̀. Eré tó yàn kì í ṣe ti ẹsẹ̀ nìkan: èèyàn á gbé ìbọn kọ́ ẹ̀yìn, á sáré gun òkè lórí yìnyín títí àyà á fi fẹ́ bẹ́, lẹ́yìn náà á dúró lójijì, á yìnbọn sí ojú dúdú márùn-ún tó wà ní òdìkejì pápá. Èyí tí ọta bá bà, á di funfun. Èyí tó bá tàsé, onítọ̀hún á lọ yí ọ̀nà ìyà po, àwọn yòókù á sì ti máa bá tiwọn lọ. Jerica máa ń dé ibi ìyìnbọn ṣáájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, á sì kúrò níbẹ̀ lẹ́yìn wọn.

"Ohun tí ẹsẹ̀ ẹ bá kó wálé, ọwọ́ ẹ á fi ta tẹ́tẹ́," ni Lovrenc Pretnar, akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀, máa ń wí fún un. Ọkùnrin gíga kan ni, tí irùngbọ̀n rẹ̀ máa ń dì gan-an bó bá ti pẹ́ níta. "Èémí ni gbogbo ẹ̀, Jerica. Mí sínú, mí síta, dá a dúró díẹ̀, kó o wá fà á. Ìwọ ń yìnbọn bí ẹni tí ajá ń lé."

"Kóòṣì, ẹ̀ bá jẹ́ kí wọ́n gbé àwọn ojú yẹn súnmọ́ wa díẹ̀."

"Tí wọ́n bá gbé e síwájú imú ẹ, imú ẹ lo máa yìn."

Ní oṣù kọkànlá ọdún kan, yìnyín tètè bọ́ sórí òkè Pokljuka, kùrukùru sì bò ó mọ́lẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn yòókù ti wọlé lọ mu tíì, Jerica nìkan ló kù ní ibi ìyìnbọn ní Rudno Polje. Lovrenc wà lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé ojú lé awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn. Kùrukùru náà pọ̀ débi pé àwọn ojú dúdú yẹn kàn ń yọ fìrí, wọ́n tún ń pòórá.

Jerica gbé ìbọn sókè ní ìdúró. Ìgbà náà ló gbọ́ tí ẹnì kan dé sí ojú ìlà tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Kò gbọ́ pákó, kò gbọ́ ẹsẹ̀. Èémí ló gbọ́, èémí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun òkè tán. Tinkara ni, ó rò ó lọ́kàn ara rẹ̀. Òun àti Tinkara ni wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́, tí wọ́n sì jọ ń pín yàrá. Kò wẹ̀yìn wò. Èémí náà ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, èémí tirẹ̀ náà sì ń bá a sọ̀ láìmọ̀. Ó dákẹ́. Jerica fà á. Ojú kìíní di funfun. Èémí náà tún wọlé, ó jáde, ó dákẹ́. Èkejì di funfun. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe tán pátá.

Lovrenc wá bá a níbi tó dúró sí. Kò rẹ́rìn-ín. "Ta ló kọ́ ẹ ní ìyẹn?"

"Tinkara ló dúró tì mí. Mo kàn ń bá a mí ni."

"Tinkara wà nínú ilé, ó ń jẹ búrẹ́dì."

Jerica wo ọwọ́ ọ̀tún. Yìnyín tuntun tẹ́ sílẹ̀ lójú ìlà náà bí aṣọ ibùsùn. Kò sí ipa pákó níbẹ̀, kò sí ti ẹsẹ̀.

Lovrenc náà wò ó pẹ́. "Kùrukùru máa ń gbé ohùn kiri lórí òkè yìí," ó ní. "Èmi náà ti gbọ́ nǹkan níbí rí. Gbé ìbọn ẹ, jẹ́ ká wọlé."

Láti ọjọ́ náà lọ, Jerica di ayìnbọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, orí òkè Pokljuka nìkan ni èémí yẹn ti máa ń bá a. Nígbà tó yá, ó tẹ̀ lé e lọ sí ilẹ̀ Austria, ó tẹ̀ lé e dé Jámánì. Bó bá ti dé ojú ìlà rẹ̀, bí ariwo èrò ti wù kó pọ̀ tó, á gbọ́ ọ lọ́wọ́ ọ̀tún, pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ti ń dúró dè é tipẹ́. Kò bà á lẹ́rù mọ́. Ká sọ tòótọ́, ó ti ń retí rẹ̀ ni. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gba góòlù, wọ́n bi í lórí tẹlifíṣọ̀n pé kí ni àṣírí rẹ̀, ó ní, "Mo kọ́ béèyàn ṣe ń mí ni." Gbogbo ilé ìtura tó wà ní Bohinj Bistrica ló hó yèè. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ abo màlúù kan ní Gorjuše, Màmá Rezka sì ń bínú, ó ní wàrà màlúù náà kò dáa.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ Tinkara. Ní Östersund, ní ilẹ̀ Sweden, àwọn méjèèjì jókòó sídìí oúnjẹ àárọ̀, Tinkara kò jẹun. Ó ń fi ṣíbí yí ọkà inú àwo rẹ̀ ká.

"Jerica, mo fẹ́ bi ẹ́ ní nǹkan, má sì fi mí rẹ́rìn-ín."

"Mi ò ṣèlérí."

"Ṣé o mọ bó o ṣe máa ń mí tó o bá sùn?"

"Ṣé mò ń hanrun ni? Màmá ní mò ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlagi."

"O ò hanrun." Tinkara gbé ṣíbí náà sílẹ̀. "Ẹni méjì ló máa ń mí lórí bẹ́ẹ̀dì ẹ tẹ́lẹ̀. Mo ti mọ̀ ọ́n látìgbà òtútù tó kọjá, mo ní bóyá etí mi ni. Mo wá ń fi orí sábẹ́ ìrọ̀rí sùn. Ṣùgbọ́n láti bí ọ̀sẹ̀ kan báyìí, ẹyọ kan ni mò ń gbọ́."

"Ó ti lọ nìyẹn. Kí ló wá kù?"

"Mo dìde wá wò ẹ́. Mo tẹ̀ ba lórí ẹ. Èyí tí mò ń gbọ́ yẹn, kì í ṣe láti imú ẹ ló ti ń jáde."

Jerica rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Tinkara kò bá a rín. Nígbà tí wọ́n padà sílé, Tinkara bẹ àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ pé kí wọ́n fún òun ní yàrá mìíràn. Ó ní kì í ṣe ìjà.

Ní oṣù kìíní, wọ́n kó gbogbo ẹgbẹ́ lọ sí Ljubljana fún àyẹ̀wò ara, nítorí ìdíje àgbáyé ti kù sí dẹ̀dẹ̀, orí òkè Pokljuka ló sì ti máa wáyé lọ́dún náà. Dókítà Vesna, obìnrin jẹ́jẹ́ kan tí kì í sọ ju ohun tó yẹ, gbé Jerica gun ẹ̀rọ tí èèyàn ń sáré lórí rẹ̀ láìkúrò lójú kan. Ó fi ohun ìbòmú tó ní ọ̀pá gígùn bò ó nímú lẹ́nu. Jerica sáré. Wọ́n fi kún un, ó sáré. Ara rẹ̀ yá gágá, ó ń gbọ́ èémí rẹ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀ létí, ó dọ́gba, kò yára jù.

Lójijì dókítà náà pa ẹ̀rọ. Ó wo Jerica lójú, ó wo ohun ìbòmú náà, ó yọ ọ́ kúrò, ó sì gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e láyà.

"Mí," ó ní.

"Mò ń mí, dókítà."

"Má sọ̀rọ̀. Mí."

Jerica dákẹ́, ó ń tẹ́tí. Ó ń gbọ́ ọ dáadáa, sínú, síta, sínú, síta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí ọ̀tún. Ó bojú wo ìsàlẹ̀. Ọwọ́ dókítà náà wà lórí àyà rẹ̀, kò lọ sókè, kò wá sísàlẹ̀. Ó dúró sójú kan bí ọwọ́ tí wọ́n gbé lé orí tábìlì.

"O ò mí, Jerica," ni Dókítà Vesna wí, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ gan-an. "Ètè ẹ pupa, ojú ẹ mọ́ kedere, ọkàn ẹ ń lù dáadáa. Mi ò mọ ohun tí mò ń wò yìí. Jókòó síbí, jẹ́ kí n lọ pe ọ̀gá mi."

Kí ọ̀gá rẹ̀ tó dé, Jerica ti wọ bàtà, ó ti bọ́ sí ọ̀nà Bohinj. Nínú ọkọ̀ ló ti ń gbìyànjú láti mí fúnra rẹ̀. Ó ní láti rò ó kó tó lè ṣe é, bí ẹni tó ń wá orúkọ ẹnì kan tó mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Màmá Rezka ń na ìyẹ̀fun pípò sórí tábìlì ìdáná nígbà tó wọlé, ìyẹ̀fun náà ti fẹ́lẹ́ débi pé èèyàn lè rí igi tábìlì lábẹ́ rẹ̀. Jerica jókòó sórí àga gígùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ó sì ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ìyá àgbà náà kò dáwọ́ iṣẹ́ dúró títí ó fi sọ̀rọ̀ tán.

"Ọwọ́ ọ̀tún ni àbí òsì?" ó bi í.

"Ọ̀tún ni, Màmá."

"Ọ̀tún náà ni ti Matevž." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára aṣọ. "O ò mọ Matevž. Ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ àgbà ni, agégi ni. Nígbà ayé wọn, ejìká ni wọ́n fi ń ru igi sọ̀ kalẹ̀ láti òkè. Àwọn agégi mọ̀ ọ́n. Bí ẹrù bá wọ èèyàn lọ́rùn, á gbọ́ ẹni tó ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, ẹrù náà á sì fúyẹ́. Àwọn tó gbọ́n máa ń kọrin kó lè lọ. Matevž kì í kọrin. Òun ló ń ru igi tó wúwo jù ní gbogbo Pokljuka, inú ẹ̀ sì máa ń dùn sí i."

"Kí ló pa á?"

"Kò sí ohun tó pa á. Ó jókòó sinmi ni. Wọ́n bá a lórí kùkùté igi, àáké wà lórí itan ẹ̀, ojú ẹ̀ là sílẹ̀. Bàbá ẹ àgbà ní ó dà bí ẹni tó ń dúró kí ẹlòmíì parí ọ̀rọ̀."

Jerica gbé ọwọ́ lé àyà ara rẹ̀.

"Kò burú o, ọmọ mi. Ó láàánú èèyàn. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ẹ̀ wà. Á máa bá ẹ mí títí wàá fi gbàgbé bí wọ́n ṣe ń mí, tó bá wá sú u, á lọ."

"Ìdíje kù díẹ̀, Màmá. Ilé wa ni."

"Mo mọ̀. Tẹlifíṣọ̀n mi ò bà jẹ́." Ìyá àgbà náà tún kọjú sí ìyẹ̀fun rẹ̀. "Jáde nínú ẹ̀. Tó ò bá lè jáde, ọjọ́ tó bá dákẹ́, ìwọ má bá a dákẹ́."

Ọ̀gá Dókítà Vesna ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò ló ṣìṣe, wọn kò sì yọ Jerica kúrò. Ó gbìyànjú láti yìnbọn láìsí èémí náà, ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé kò gbìyànjú. Ó fi òwú dí etí lọ síbi ìdánrawò. Ó tàsé, ó tún tàsé, ó yí ọ̀nà ìyà po títí òòyì fi ń kọ́ ọ. Lovrenc dúró nídìí awò rẹ̀, kò bú u, kò sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́, èyí sì dun Jerica ju èébú lọ. Àwọn oníròyìn bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bóyá ó yẹ kí wọ́n mú un dání rárá. Nígbà tí ìdíje ku ọjọ́ díẹ̀, ó yọ òwú náà, ó sọ ọ́ sínú yìnyín. Kò tíì gbé ìbọn dé ejìká tó fi gbọ́ ọ. Kò bínú sí i. Ó kàn ń mí.

Ọjọ́ ìdíje mọ́ rekete. Oòrùn ràn, òtútù sì mú débi pé èéfín ń jáde lẹ́nu gbogbo èèyàn. Àwọn ará Bohinj gbé agogo màlúù wá, wọ́n ń mì ín. Màmá Rezka kò wá, ó ní òun kò lè dúró lórí ẹsẹ̀. Jerica sáré bí kò ti sáré rí. Nígbà tó wọ ibi ìyìnbọn fún ìgbà ìkẹyìn, ọmọbìnrin Norway kan ṣoṣo ni wọ́n jọ wà níwájú, onítọ̀hún sì ti tàsé ẹ̀ẹ̀kan. Jerica dúró. Èémí náà wà níbẹ̀. Funfun, funfun, funfun, funfun. Agogo màlúù ń dún bí ìgbà tí gbogbo agbo ẹran Slovenia ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó wá ku ọ̀kan. Èémí náà wọlé, ó jáde, ó dákẹ́.

Jerica gbé ìka lé irin tí wọ́n ń fà. Ariwo èrò lọ, kò mọ ìgbà tó lọ. Òtútù lọ. Ojú dúdú tó kù yẹn wà níwájú rẹ̀, ó tóbi, ó dúró jẹ́ẹ́, kò sí ìkánjú kankan. Ara rẹ̀ tù ú bí ìgbà tí èèyàn dùbúlẹ̀ láàárọ̀, tí ẹlòmíràn ti dìde lọ dá iná. Ó ń dúró kí èémí náà padà wọlé. Kò padà. Kò burú, òun á dúró. Ojú dúdú náà ń tóbi sí i. Ó gba gbogbo pápá.

"Jerica, mí!"

Ohùn ọkùnrin ni, ó jìnnà, bí ẹni tó wà ní ìsàlẹ̀ kànga.

"Mí! Ọmọ mi, mí!"

Lovrenc kò pè é ní ọmọ rẹ̀ rí. Ìyàlẹ́nu yẹn ló là á lẹ́nu. Afẹ́fẹ́ wọ inú rẹ̀ bí omi dídì, ó ro ó láyà bí ẹni tí wọ́n fi ọ̀bẹ là, ó sì kígbe. Ìbọn náà dún láìjẹ́ pé ó mọ̀. Ọta náà lọ sórí igi. Èrò pa lọ́lọ́. Jerica gbé ìbọn kọ́ ẹ̀yìn, ó lọ yí ọ̀nà ìyà po, ó ń sunkún, ó ń mí, ó ń ka ọ̀kọ̀ọ̀kan èémí náà bí ọmọdé tó ń kọ́ oǹkà. Àwọn mẹ́fà ló ṣáájú rẹ̀ dé òpin. Tinkara ti dúró síbẹ̀, ó gbá a mú kó má ṣubú, ó fi etí lé ẹ̀yìn rẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà á kúrò.

Lovrenc lọ bá àwọn oníròyìn fúnra rẹ̀. Ó ní ẹ̀rù eré ṣíṣe níwájú àwọn ará ilé ló ba Jerica, wọ́n sì gbé e bẹ́ẹ̀. Nígbà tó ń fi ọkọ̀ gbé Jerica lọ sílé, ó dá ọkọ̀ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà láàárín igbó.

"Ohun tí mo rí nínú awò, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni màá sọ ọ́," ó ní. "Èéfín ń jáde lẹ́nu gbogbo wọn, àfi ìwọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ejìká ọ̀tún ẹ, níbi tí ẹnu èèyàn yẹ kó wà, èéfín kékeré kan ń jáde, ó ń wọlé. Kò sí ẹnu níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìyẹn náà dáwọ́ dúró."

"Kóòṣì, ẹ ní ẹ ti gbọ́ ọ rí."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ìdí tí mo fi fi ìbọn sílẹ̀ nìyẹn." Ó tan ọkọ̀ padà, wọ́n sì kọrí sí Gorjuše.

Kíkọ́ mímí padà kò rọrùn. Bí ọkàn Jerica bá ti lọ síbòmíràn pẹ́, àyà rẹ̀ á dúró. Màmá Rezka ló tún un kọ́. Ọbẹ̀ gbígbóná ló máa ń gbé síwájú rẹ̀, á ní kó fẹ́ ẹ títí á fi tutù, bó bá tutù tán, á tún gbé e ka iná. Ó ní kó máa kó igi láti ẹ̀yìnkùlé wọlé, kó sì máa kọrin bó ti ń kó o. Ohùn Jerica kò dára. Bó bá dákẹ́ díẹ̀, ìyá àgbà náà á yọ orí lójú fèrèsé.

"Mi ò gbọ́ ẹ."

"Mò ń simi ni, Màmá."

"Simi kó o máa kọrin."

Nígbà tí koríko fi hù padà, ó ti ń sùn láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Ó padà sídìí eré rẹ̀ fún ìgbà òtútù mélòó kan sí i. Ó ń tàsé bí àwọn ẹlòmíràn ti ń tàsé, ó ń bà á bí wọ́n ti ń bà á. Ní ilẹ̀ Italy, ó gba ipò kẹta lọ́jọ́ kan tí afẹ́fẹ́ da gbogbo ọta rú, ó sì fẹ́ràn idẹ yẹn ju góòlù rẹ̀ lọ. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, ní Rudno Polje, ó gbọ́ ẹnì kan tó ń mí lójú ìlà tó jìnnà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí kọrin lábẹ́nu, kò sì wo ibẹ̀. Nígbà tí orúnkún rẹ̀ kò gbà mọ́, ó fi ìbọn sílẹ̀, ó gba iṣẹ́ ní ilé tí wọ́n ti ń ṣe wàrà ní Bohinj.

Màmá Rezka kú lóṣù kejì, ní ọ̀sán, pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ yìnyín lójú fèrèsé. Àìsàn rẹ̀ kò pẹ́. Jerica jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń gbọ́ bí èémí rẹ̀ ti ń jìnnà síra. Ọ̀kan wọlé, ó jáde, òmíràn kò tẹ̀ lé e. Jerica dúró. Ó rí i pé ó ti tán, ó sì fi ọwọ́ pa ojú rẹ̀ dé.

Nígbà náà ni ẹnì kan mí síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn náà, lápá ọ̀tún ìyá àgbà, pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó gbé ẹrù sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ̀rù kò ba Jerica. Ó wo ibẹ̀, kò sí nǹkan kan àyàfi àga àti aṣọ òtútù tó wà lórí rẹ̀. Ó rántí pé láti ìgbà ìkórè, kò yẹ kí ìyá àgbà lè gun àtẹ̀gùn mọ́, síbẹ̀ ó ń gun ún lójoojúmọ́, kì í sì í mí hẹlẹhẹlẹ. Ó rántí pé òun kò gbọ́ kó kọrin nídìí ààrò mọ́, bó ti máa ń ṣe tẹ́lẹ̀.

"Ẹ ṣé tẹ́ ẹ bá a gbé e débí," ó ní. "Ó tó. Ẹ máa lọ."

Ó ṣí fèrèsé sílẹ̀ gbayawu, ó mí sínú, ó mí síta, lẹ́yìn náà ó sọ̀ kalẹ̀ lọ gbé kọfí kaná, torí àwọn aládùúgbò ò ní pẹ́ dé.